Bí Rọpárọsẹ̀ Bá Dé Lójijì Lọ́jà, Kí La Ó Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlera sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

   

Àwa ìgbìmọ̀ ìlera ni ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ ráńpẹ́ lónìí. Nínú wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, aláta wà níbẹ̀, aláṣọ wà níbẹ̀, alágbo náà wà níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ yìí, a ti lọ bi àwọn dókítà léèrè kó tó di pé a gbé e wá síwájú yín. A ò wá dẹ́rù bà yín. A fẹ́ kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ohun mẹ́ta kan kí a tó túká, ìdí rẹ̀ sì la fẹ́ ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ ni. Àwọn àgbà ń pè é ní ẹ̀gbà, àwọn ọmọ wa ń pè é ní stroke. Bó bá ti mú ènìyàn, ohun tí a máa ń gbọ́ lọ́jà ni pé wọ́n ta á lọ́fà ni, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Kí a tó parí àríyànjiyàn yẹn, aago ti lọ. Ọ̀rọ̀ aago yẹn gan-an la wá sọ.

KÍ LÓ Ń DÍ?

Ọpọlọ wa kò ní àká tó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé dé báyìí ló máa jẹ báyìí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá mẹ́rin ló gba ọrùn lọ sí ọpọlọ. Méjì wà níwájú, lọ́tùn-ún àti lósì ọ̀nà ọ̀fun; àwọn dókítà ń pè wọ́n ní carotid. Méjì yòókù gba ẹ̀yìn, lẹ́bàá egungun ọrùn. Bí ẹ bá fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun yín jẹ́jẹ́, níhà kan ṣoṣo, ẹ ó mọ bí èyí tó wà níwájú ṣe ń lù.

Rọpárọsẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé iṣan dí, ẹ̀jẹ̀ kò lè kọjá. Èkejì ni pé iṣan bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ọpọlọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́, ìbáà ṣe dókítà àgbà. Ẹnu á wọ́ nínú méjèèjì, apá á rọ nínú méjèèjì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní CT scan, tó ń ya àwòrán inú orí, ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Oògùn tó ń gba ẹni tí iṣan rẹ̀ dí lè pa ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́.

Èyí tó dí la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àti sìgá máa ń mú kí ara iṣan ọrùn di ṣákiṣàki. Ọ̀rá á wá lẹ̀ mọ́ ọn bí ọ̀rá ọbẹ̀ ṣe ń dì mọ́ ara ìkòkò. Ọdún dé, ọdún lọ, ọ̀nà ń há. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ á dì lórí ibẹ̀, á já, á gòkè lọ dí iṣan kékeré nínú ọpọlọ. Nígbà mìíràn, inú ọkàn tí kò lù déédéé ni ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ti ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tòmátì, ẹ ó tètè yé ọ̀rọ̀ yìí. Bí apẹ̀rẹ̀ bá dé láti òkè Ọya, àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè ti fọ́. Ìyẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó yí wọn ká ṣì dára. Omi ìdíbàjẹ́ kàn ti ń kàn wọ́n ni. Bí ẹ bá tètè ṣà á, ẹ ó rí ọjà tà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, gbogbo apẹ̀rẹ̀ ló lọ. Bí ọpọlọ ṣe rí náà nìyẹn. Ibi kékeré kan ti kú ní kíá tí iṣan dí. Ibi tó yí i ká, ebi ń pa á ni, kò tíì kú. Ibẹ̀ ni dókítà ń sáré láti gbà là. Ní 2006, dókítà Jeffrey Saver ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé bí iṣan ńlá bá dí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 àwọn hóró tín-ín-tìn-ìn inú ọpọlọ ló ń kú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú kan péré, ẹ̀yin ìyá wa. Èèyàn ò tíì ná ọjà tán nínú ìṣẹ́jú kan.

OHUN TÍ DÓKÍTÀ LÈ ṢE

Láyé àtijọ́, bí iṣan bá ti dí, kò sí ohun tí dókítà lè fi ṣí i. Ní 1995 ni ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé oògùn kan wà tó lè yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, wọ́n sì fọwọ́ sí i níbẹ̀ ní 1996. Alteplase ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n á wọn aláìsàn, wọ́n á fi ìwọ̀n rẹ̀ ṣírò oògùn, wọ́n á fa díẹ̀ sí i nínú iṣan lójú ẹsẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí èyí tó kù máa kán wọlé fún wákàtí kan. Nínú ìwádìí yẹn, lẹ́yìn oṣù 3, àwọn tó padà sípò tàbí tí àléébù wọn kò tó nǹkan pọ̀ láàrin àwọn tó gba oògùn ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ṣùgbọ́n oògùn yìí ní ewu tirẹ̀. Nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 tó gbà á ni ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ wọn débi tó fi pa wọ́n lára. Láàrin àwọn tí kò gbà á, kò tó ẹnì 1 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí dókítà kò fi ní fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó ti rí àwòrán orí rẹ̀.

Wákàtí 3 ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbèdéke oògùn náà sí. Ní 2008, ìwádìí mìíràn ní ilẹ̀ Yúróòpù sún un di wákàtí 4 àti ààbọ̀. Bó bá ti kọjá ìyẹn, ewu rẹ̀ á máa borí àǹfààní rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oògùn mìíràn tún ti dé, tenecteplase, tó jẹ́ pé ìfàsára ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún rọpárọsẹ̀ ní 2025.

Bó bá jẹ́ iṣan ńlá ló dí, oògùn nìkan kì í sábà ká a. Dókítà tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ á ki ọ̀pá róbà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan abẹ́ ìtan, á tì í gba inú ara lọ sókè dé ọrùn, dé inú orí, á sì fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde. Bí ọrùn àti orí bá dí pa pọ̀, wọ́n lè fi bálúù kékeré tàbí àwọ̀n irin ṣí ti ọrùn, kí wọ́n sì fa ti orí jáde níjókòó kan náà. Ìwádìí kan láti ọsibítù 16 ní ilẹ̀ Netherlands, tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní 2015, yẹ ènìyàn 500 wò, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú wọn láàrin wákàtí 6. Lẹ́yìn oṣù 3, nǹkan bí 33 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe é fún ló lè dá tọ́jú ara wọn. Láàrin àwọn tí wọn kò ṣe é fún, 19 nínú 100 ni. Láti 2018, a tún mọ̀ pé àwọn kan wà tí iṣẹ́ yìí ṣì lè gbà títí dé wákàtí 24, bí àwòrán bá fi hàn pé ọpọlọ tó kù ṣì wà láàyè.

A ò ní tàn yín. Iṣẹ́ fífa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde yìí kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní i. Ẹ̀rọ CT pàápàá kò sí níbi gbogbo. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a ti mọ ibi tí a ń lọ kó tó ṣẹlẹ̀. Kódà níbi tí kò ti sí oògùn yẹn, ọsibítù tó mọṣẹ́ á ṣì ṣe ohun púpọ̀. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè gbé nǹkan mì, wọ́n á wo ṣúgà rẹ̀, wọ́n á fún un ní aspirin bí àwòrán bá ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò ya, wọ́n á máa yí i padà kí egbò má baà dá sí i lára, wọ́n á sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

ÌYÁ KAN NÍNÚ ỌJÀ WA

Ìyá kan wà láàrin wa, àwọn àti àwọn ọmọ wọn ló ní kí a sọ ọ́. Ní nǹkan bí aago 10 àárọ̀, wọ́n ń ka owó lọ́wọ́, owó bọ́ sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀. Wọ́n fẹ́ pe ọmọ tó wà nísọ̀ kejì, ọ̀rọ̀ kò já geere. Àwọn èèyàn rọ́ dé. Wọ́n da omi lé wọn lórí. Wọ́n gbé wọn lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ibẹ̀, ilé àdúrà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ọsibítù kékeré kan tí kò ní ẹ̀rọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti lè ya àwòrán orí. Iṣan dí ni. Dókítà béèrè pé, "Aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀?" Nígbà tí wọ́n fi máa dáhùn, wákàtí 4 àti ààbọ̀ ti kọjá tipẹ́.

Gbogbo àwọn tó gbé wọn kiri yẹn, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Kò sẹ́ni tó jókòó nínú wọn. Wọ́n sáré lọ síbòmíràn ni. Lónìí, ìyá yìí ń rìn díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ń padà bọ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ wọn wà ní títì, ọmọ wọn obìnrin sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́jú wọn. Rọpárọsẹ̀ kan, ènìyàn méjì ló yọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

ẸNU, APÁ, Ọ̀RỌ̀, AAGO

Ẹ bá wa ka mẹ́rin yìí sórí, kí àwọn ọmọ náà kà á.

Ẹnu: ẹ ní kó rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹnu wọ́ sápá kan?

Apá: ẹ ní kó na apá méjèèjì síwájú, kó di ojú. Ṣé ọ̀kan ń wálẹ̀?

Ọ̀rọ̀: ẹ ní kó sọ pé, "Ẹ kú ọjà, ajé á wọgbá." Ṣé ó ń lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀, àbí kò rí i sọ rárá?

Aago: bí ọ̀kan péré bá wà nínú mẹ́ta yẹn, ẹ wo aago, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Aago tí a rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá ni kí ẹ kọ. Ẹni tó bá bá a lójú oorun lówùúrọ̀, aago tó lọ sùn ni ẹ ó sọ fún dókítà.

Lẹ́yìn náà, ọsibítù tó ní CT tààrà. Ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bó bá ń bì tàbí bí kò bá mọ ara. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe náà rèé. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu: omi o, ẹ̀kọ o, epo o, àdí o, oyin o. Ọ̀fun rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́, ohun tí ẹ fún un á gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má fún un ní aspirin, nítorí ẹ ò tíì mọ̀ bóyá iṣan dí tàbí ó bẹ́. Ẹ má fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti fi wá a wálẹ̀ ní tipátipá. Nígbà tí iṣan bá dí, ara ló ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè kí díẹ̀ lè ráyè kọjá. Bí ẹ bá já a wálẹ̀ lójijì, ibi tí ebi ń pa nínú ọpọlọ á kú. Dókítà ló mọ ìgbà tó yẹ kó wálẹ̀ àti ibi tó yẹ kó dúró. Ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ gún un ní ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí wọ́n ṣe ń gbé e kiri lórí fóònù. Kò ṣí iṣan kankan.

Alágbo tó wà nínú ìgbìmọ̀ wa ló ní kí a fi ti òun kún un. Wọ́n ní, "Ẹ máa gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ẹni tó bá tibẹ̀ bọ̀ láyọ̀, a ó jọ máa ṣeré." Àdúrà náà kò burú, inú mọ́tò náà ṣeé gbà á.

ÈYÍ TÓ WÁ TÓ TÚN LỌ

Nígbà mìíràn, apá á rọ, tàbí ojú kan á ṣókùnkùn, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ á ti lọ. A ó ní, "Ó rẹ̀ mí ni." Ẹ̀yin ìyá wa, ìkìlọ̀ ni. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ewu rọpárọsẹ̀ gidi pọ̀ jù. Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n lè fi irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún wo iṣan ọrùn yín. Bó bá ti há gan-an, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń ha ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò, ó sì dára kí wọ́n ṣe é láàrin ọ̀sẹ̀ 2. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1991, wo àwọn tí iṣan ọrùn wọn ti há tó ìdá 70 sí 99 nínú 100, tí wọ́n sì ti rí ìkìlọ̀. Láàrin ọdún 2, rọpárọsẹ̀ ti apá ibẹ̀ mú 26 nínú 100 àwọn tó lo oògùn nìkan. Láàrin àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, 9 nínú 100 ni.

ILÉ ÌDÁNÁ WA

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Láti 1973 sí 1975 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń kọ orúkọ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú sílẹ̀ ní ìlú Ìbàdàn. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ mú ní Nàìjíríà àti Gánà, tí wọ́n fi wé iye kan náà tí kò mú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló léwájú nínú ohun tó ń fà á. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, ikùn ńlá, ìtọ̀ ṣúgà, àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù dáadáa, ìdààmú ọkàn, iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ lórí tábìlì, àrùn ọkàn, àìṣeré ìdárayá àti sìgá. Ẹ ò rí i pé ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́, oògùn lẹ ń tà. Ẹni tí wọ́n bá ní kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má dá a dúró nítorí pé ara ti yá. Oògùn yẹn ló jẹ́ kí ara yá.

OHUN MẸ́TA TÍ A BẸ̀BẸ̀ FÚN

Èkíní, kí ẹgbẹ́ ya owó kan sọ́tọ̀ lọ́dọ̀ akápò fún ìtọ́jú pàjáwìrì, tí akápò àti olóyè kan péré lè gbé jáde lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ ọjọ́ Àìkú tàbí òru. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀yáwó. Ìdílé á san án padà díẹ̀díẹ̀, láìsí èlé. Ẹ̀yáwó tó ń dúró de ìpàdé oṣooṣù kò lè bá wákàtí 4 àti ààbọ̀ dọ́gba.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ rán àwa ìgbìmọ̀ lọ wádìí ọsibítù tó sún mọ́ wa tí ẹ̀rọ CT wọn ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, àti èyí tó ní oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Kí a lẹ nọ́ńbà fóònù wọn, àti ti awakọ̀ méjì tó ṣeé pè nígbàkigbà, mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àti ẹnu ọ̀nà ọjà. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ká máa tún un yẹ̀ wò, torí ẹ̀rọ máa ń bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù wa ní káàdì kékeré nínú pọ́ọ̀sì: orúkọ, ọjọ́ orí, oògùn tó ń lò, nọ́ńbà ọmọ tàbí ọkọ. Káàdì yẹn á sọ̀rọ̀ fún un lọ́jọ́ tí ẹnu bá kọ̀.

Ẹgbẹ́ wa ti kọ́ ilé fún àwọn kan, ó ti rán ọmọ lọ sí yunifásítì, ó ti yọ ọ̀pọ̀ nínú gbèsè. Àjẹṣẹ́kù ni a fi ṣe gbogbo rẹ̀: díẹ̀díẹ̀, kó tó di ọjọ́ ìṣòro. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí náà, àjẹṣẹ́kù ni. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́ sókè nígbà tí Alága bá béèrè.

Ọlọ́run kò ní fi àìsàn dá wa lọ́nà ajé. Ẹsẹ̀ tí a fi wá, òun la ó fi padà sílé. Àṣeyí ṣàmọ́dún o.